Nọ́ńbà 57: bí nọ́ọ̀sì kan ṣe fi AI kọ́ iṣẹ́ dátà

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, Orí Kẹrin, ibi tí àbájáde dátà máa ń wà, ni iṣẹ́ ìwádìí ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Akẹ́kọ̀ọ́ á fúnra rẹ̀ kọ Orí Kìíní dé Ìkẹta, á kó dátà jọ, á wá gbé e lọ bá ẹni tó ń báni ṣe análísíìsì lẹ́yìn géètì. Owó á kúrò lọ́wọ́, tábìlì á dé láìpẹ́, wọ́n á sì ti kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá dọjọ́ ìdáhùn níwájú ìgbìmọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró ti tábìlì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo ti jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó pọ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó ráyè kọ́ wọn ni. Olùkọ́ ìṣirò kan lè máa kọ́ ẹ̀ka bíi mélòó kan pa pọ̀, kíláàsì á sì kún débi pé kò lè jókòó ti ẹnikẹ́ni.

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ̀ láti gba ẹ̀yìn géètì lọ, tó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú AI tó ń báni sọ̀rọ̀. Èmi ni alábòójútó rẹ̀ kejì, apá ìṣirò ló sì kàn mí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ yunifásítì rẹ̀, àmọ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ló wà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Ó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kó tó wá ka ìwé oyè másítà nípa ìlera ará ìlú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó jẹ́ pé ó ju ọ̀pọ̀ wọn lọ lọ́jọ́ orí, ń pè é ní Aǹtí Nọ́ọ̀sì. Orúkọ yẹn náà ni n ó máa lò. Ìbéèrè tó gbé wá ti inú wọ́ọ̀dù wá: kí ló ń mú kí àwọn obìnrin kan lọ fún ìtọ́jú oyún lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn mìíràn kò sì lọ tó bẹ́ẹ̀? Ó ti gba ẹ̀bí fún àwọn obìnrin tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ń rọbí ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fojú kàn wọ́n. Kò sí ìwé tó lè kọ́ni ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó sì rí i níwájú bó ṣe wúlò tó.

Dátà tó yàn ni ti NDHS 2018, ìyẹn ìwádìí ńlá nípa ìlera àti ìdílé tí Àjọ Ìkànìyàn Nàìjíríà ṣe. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n fi lọ kárí orílẹ̀-èdè. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá obìnrin 41,821 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 lẹ́nu wò, àti ọkùnrin 13,311. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2019. Nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, tó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe, wọ́n ń fún un ní fáìlì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rówó wọkọ̀ kárí ìpínlẹ̀ kan, ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n fáìlì náà le. Òpó rẹ̀ (ìyẹn kọ́lọ́mù) pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, orúkọ wọn kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n: v005, v021, v190, m14_1.

Èmi ni mo ní kó lo R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ kọ́ọ̀dù sí láti fi ṣe ìṣirò dátà. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní kéèyàn máa wá SPSS, ètò ìṣirò olówó, tí wọ́n jí kọ́ọ̀dù rẹ̀ kiri. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand. Thomas Lumley náà ti ṣe àkójọ irinṣẹ́ kan sínú rẹ̀, tó ń jẹ́ survey, fún irú ìwádìí tí wọn kò fi bákan náà ṣa gbogbo ènìyàn. Tí iná bá wà lára kọ̀ǹpútà, R á ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tilẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Aǹtí Nọ́ọ̀sì kò kọ kọ́ọ̀dù rí láyé rẹ̀. Excel díẹ̀ ló mọ̀, àti kọ́ọ̀sì SPSS kan tó ti gbàgbé.

Ó bá gba orí AI lọ. Ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sọ àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ó dárúkọ fáìlì rẹ̀, ó ní kó kọ gbogbo kọ́ọ̀dù tí òun nílò. Kọ́ọ̀dù dé lóòótọ́. Tí R bá fi lẹ́tà pupa sọ pé nǹkan kò tọ̀nà, á da ọ̀rọ̀ náà padà sínú AI, AI á tún un kọ, yóò sì ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ ó ti ní tábìlì, ó ní àwòrán, ó ní ìpínrọ̀ àlàyé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán gbinrin. Nígbà tó fi ránṣẹ́ sí mi, mo rí i pé ó ti ṣiṣẹ́ kára, àmọ́ ìpàdé ẹ̀ka ti sún mọ́lé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó wà níjokòó tọ́ka sí ìlà kan nínú tábìlì àkọ́kọ́. Ìlà náà sọ iye ìgbà tí àwọn obìnrin lọ fún ìtọ́jú oyún: iye tó kéré jù, 0, iye tó pọ̀ jù, 98. Ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, nínú iṣẹ́ yín, ṣé ẹ ti rí aboyún tó wá lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rùn-ún rí?"

Aǹtí Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà náà, ó sì dákẹ́. Oyún jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40, ọjọ́ 280. Kí obìnrin kan tó lè lọ lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ó ní láti máa lọ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta láti ọjọ́ tí oyún ti dúró títí di ọjọ́ ìbímọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìpàdé pé ká ní inú ìwé wọ́ọ̀dù lòun ti rí 98 yẹn ni, òun ì bá ti pe ẹni tó kọ ọ́ kó wá ṣàlàyé. Nínú tábìlì yìí, ojú rẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, mo sì fẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Kì í ṣe pé AI purọ́. Nínú ìwé atọ́nà tó bá fáìlì NDHS wá, 98 lábẹ́ m14_1, òpó iye ìgbà ìtọ́jú oyún, túmọ̀ sí pé obìnrin náà sọ pé òun kò rántí. Ẹni tó kọ kọ́ọ̀dù tí kò ka ìwé atọ́nà yóò ka 98 sí iye ìgbà, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Aǹtí Nọ́ọ̀sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun nìkan, nínú òun àti ẹ̀rọ, ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú oyún, òun náà ló sì gbé ìmọ̀ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé síbi kọ́ọ̀dù. Ó rò pé ọ̀rọ̀ dátà jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn. Bó ṣe rí lójú àwọn tó ń lọ sí ẹ̀yìn géètì náà nìyẹn. Àga análísíìtì ló pààrọ̀ ẹni tó jókòó lé e lórí, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lóde.

Mo ní kó gbé ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Mo ṣí ìròyìn NDHS 2018 fún un, mo fi gbólóhùn kan hàn án: ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó bímọ láàárín ọdún márùn-ún ṣáájú ìwádìí náà ló lọ fún ìtọ́jú oyún lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà oyún tó kẹ́yìn. (Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹjọ láti ọdún 2016, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìròyìn náà fi ṣe ìwọ̀n.) Iṣẹ́ tí mo gbé fún un ni pé kó fi fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá 57 yẹn jáde. Kó lo AI bó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí títí 57 yóò fi yọ, títí yóò sì fi lè ṣàlàyé gbogbo ìlà tó gbé e yọ fún mi láìwo ìwé.

Òfin kejì ni pé fáìlì náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú AI. Àdéhùn tí èèyàn ń fọwọ́ sí kó tó gba dátà yẹn kò fàyè gba kéèyàn gbé e fún ẹlòmíràn, mi ò sì rí bí a ṣe lè sọ pé iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó kọ́kọ́ rò pé èyí á dí òun lọ́wọ́. Òfin yìí gan-an ló wá kọ́ ọ ní nǹkan tó ju gbogbo ìyókù lọ, torí pé ẹni tí kò bá lè fi dátà han ẹ̀rọ ní láti fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀: òpó wo ni, kí ni nọ́ńbà inú rẹ̀ dúró fún, ta ni àlàfo wà fún, kí nìdí tí àlàfo fi wà níbẹ̀. Kó tó lè ṣàlàyé, ó ní láti ka ìwé atọ́nà. Ó kà á.

A jókòó papọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kó kọ obìnrin mẹ́wàá sínú ìwé rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ṣe fáìlì kékeré. Méjì kò bímọ láàárín ọdún márùn-ún, nítorí náà àlàfo ló wà níwájú wọn. Àwọn mẹ́jọ tó kù: 0, 1, 3, 3, 4, 6, 8, àti ẹnì kan tí kò rántí, 98. Mo ní kó fi bírò ṣírò ìdá tó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ronú, ó sì kọ ọ́: mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ẹni tí kò rántí ṣì wà nínú àwọn tí a ń kà, torí pé ó bímọ, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn NDHS ṣe kà wọ́n.

Ó wá tẹ obìnrin mẹ́wàá yẹn sínú R, ó sì fi kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí AI kọ fún un ṣiṣẹ́ lórí wọn. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló jáde.

Kò bínú, kò sì da gbogbo rẹ̀ nù. Ó kọ̀wé sí AI, mo sì rántí ìbéèrè náà dáadáa nítorí pé òun ni ìbéèrè gidi àkọ́kọ́ tí mo rí kó béèrè: "Èmi ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, mo rí mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Kọ́ọ̀dù rẹ rí mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mú mi lọ láti ìlà dé ìlà, fi ibi tí a ti yà hàn mí, má tíì tún kọ́ọ̀dù náà kọ." Ìdáhùn tó gbà dára gan-an. Ẹ̀rọ náà fi hàn án pé ìlà kan ti sọ àlàfo di 0, tó fi jẹ́ pé àwọn tí kò bímọ rárá ti di àwọn tó lóyún tí wọn kò lọ fún ìtọ́jú. Ó tún fi hàn án pé ìlà mìíràn ní kí wọ́n ka ohunkóhun tó bá tó 4, 98 sì tó 4. Ẹ̀rọ kan náà ni, ọjọ́ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ti mú ìdáhùn tirẹ̀ wá.

Lórí fáìlì gidi, àṣìṣe àlàfo yẹn kò kéré. Òun nìkan tó láti mú kí nọ́ńbà já wálẹ̀ sún mọ́ ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́, torí pé obìnrin tí kò bímọ láàárín ọdún márùn-ún pọ̀ nínú àwọn 41,821 yẹn. Ó tún méjèèjì ṣe. Nọ́ńbà sún mọ́ 57, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀.

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó lo NDHS ti máa ń ṣubú. Wọn kì í ṣa obìnrin sínú ìwádìí yìí gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn ìpínlẹ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ kékeré bí Bayelsa gbọ́dọ̀ ní obìnrin tó pọ̀ tó kéèyàn tó lè sọ nǹkan nípa rẹ̀, nítorí náà àwọn tí wọ́n ṣà níbẹ̀ ju ohun tó kàn án lọ tí a bá fi wé Kano. Bí a bá kàn ka orí, ohùn Bayelsa á ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, ti Kano á sì lọlẹ̀. Òpó v005 ló ń ṣàtúnṣe èyí: ó sọ bí obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó sí àwọn yòókù. Wọn kò fi àmì ẹ̀sún sí i nínú fáìlì, nítorí náà a ní láti fi 1,000,000 pín in kí á tó lò ó. Nígbà tí Aǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí AI ṣàlàyé ìwọ̀n fún òun, àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè ló kọ́kọ́ fún un, kò sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó ní kó fi ìpínlẹ̀ Nàìjíríà méjì ṣe é, kó sì jẹ́ kí òun fúnra òun ṣe ìṣirò náà. Kano àti Bayelsa yìí, òun ló yàn wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi: "Ẹ káalẹ́ sà. Ó ti di 57." Ó ya ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Inú mi dùn púpọ̀.

Láti ibẹ̀, mo fi àṣà kan kún un: kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, kó kọ ohun tó rò pé yóò jáde sílẹ̀. Mo bi í pé bó bá yọ v022 kúrò nínú kọ́ọ̀dù, ìyẹn òpó tó ń sọ ìpínlẹ̀ àti bóyá ìlú tàbí ìgbèríko ni wọ́n ti ṣa obìnrin náà, ṣé 57 yóò yí padà? Ó ní yóò yí padà. Ó yọ ọ́, 57 dúró gbọn-in; àlàfo ìdánilójú tó yí i ká, ìyẹn ibi tí nọ́ńbà gidi lè wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ló yí padà. Ó lọ bi AI léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà fúnra rẹ̀ àti bó ṣe dá wa lójú tó. Mo ti kọ́ kíláàsì ní ẹ̀kọ́ yẹn fún ọdún púpọ̀, díẹ̀ ló sì máa ń yé e. Ó yé òun nítorí pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀, ohun tó sọ kò sì ṣẹ. Ẹ̀rọ tó ní sùúrù láti dáhùn ìbéèrè kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà ní aago mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn tí ènìyàn ti ti ibi iṣẹ́ dé, ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Mi ò lè fún un ní irú àkókò yẹn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti iná kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Owó dátà fóònù ń wọ́n, iná sì ń lọ láàárín ọ̀rọ̀. Ó wá sọ ọ́ dàṣà láti kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, yóò sì bi AI nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè yẹn ló máa ń dáhùn fúnra rẹ̀ kó tó délé.

Àléébù kan wà tó yẹ kí àwọn alábòójútó mọ̀ dáadáa, nítorí pé kò fara hàn bí àṣìṣe. Aǹtí Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ AI pé, "Mo rò pé n kò nílò ìwọ̀n nínú regression mi, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" (Regression ni ìṣirò tó ń wo bí nǹkan bíi ẹ̀kọ́ ìwé ṣe bá ohun tí a ń wádìí tan.) Ẹ̀rọ náà gbà fún un, ó sì to ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan kò jẹ́ kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tuntun, ó wá yí ìbéèrè náà: "Mo rò pé dandan ni kí n lo ìwọ̀n, àbí?" Ẹ̀rọ náà tún gbà, ó tún to ìdí sílẹ̀. Aǹtí Nọ́ọ̀sì tẹ méjèèjì sórí ìwé, ó gbé wọn wá sí ọ́fíìsì mi, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ìṣirò fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó kàn tẹ̀lé ibi tí ìbéèrè darí sí. Aǹtí Nọ́ọ̀sì sọ pé níbi iṣẹ́ àwọn, tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá tuntun bá dé, ara ẹni tí wọ́n ti mọ iye ìfúnpá rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e sí. Láti ọjọ́ náà kò bi í ní ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn nínú mọ́. Ó máa ń ní kó sọ ohun tó gbè é, ohun tó takò ó, àti bí òun ṣe lè fi fáìlì òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbìyànjú regression náà ní ọ̀nà méjèèjì, ó sì kọ àbájáde méjèèjì sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó padà sórí ìbéèrè tirẹ̀, nǹkan kan tún fẹ́ gbé e ṣubú. Ó ní kí AI ṣàlàyé odds ratio tó jáde fún ẹ̀kọ́ ìwé. (Odds ni iye àwọn tó lọ sí iye àwọn tí kò lọ; odds ratio fi odds ẹgbẹ́ kan wé ti èkejì.) Ìpínrọ̀ tó kọ sọ pé àwọn obìnrin tó kàwé jìnnà ṣeé ṣe kí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹrin ní ìlọ́po báyìí-báyìí ju àwọn tí kò kàwé lọ. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kún inú àpilẹ̀kọ wa, kò sì tọ̀nà. Mo ní kó gbà pé, nínú 100 obìnrin tó kàwé, 80 ló lọ. Nínú 100 tí kò kàwé, 50 ló lọ. Odds ti àkọ́kọ́ ni 80 sí 20, ìyẹn 4. Ti èkejì ni 50 sí 50, ìyẹn 1. Odds ratio wá jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n 80 kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin 50. Ìlọ́po 1.6 ni. Nígbà tí ohun tí a ń wádìí bá ṣọ̀wọ́n, méjèèjì á sún mọ́ra. Nígbà tó bá wọ́pọ̀, bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún, odds ratio á sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá ju bó ṣe rí lọ.

Ó gbé ìṣirò yìí padà fún AI, ẹ̀rọ náà sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé gbólóhùn àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà dáadáa, ó sì fi bí a ṣe lè yọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún láti inú regression hàn án. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà látìbẹ̀rẹ̀. Kò lò ó nígbà tó ń kọ ìpínrọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó bi í. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìbéèrè kan wà kò lè béèrè rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni alábòójútó ṣì wúlò, mi ò sì rí bí a ó ṣe yọ ọ́ kúrò.

Lọ́jọ́ ìdáhùn rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà yẹn wà níbẹ̀. Ó bi í nípa àwọn tí kò rántí. Aǹtí Nọ́ọ̀sì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ obìnrin mẹ́wàá sójú pátákó, ó sì fi wọ́n ṣàlàyé títí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ní ó tó. Wọ́n ní kó ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí Orí Karùn-ún, níbi tó ti sọ ìbátan di okùnfà. Ó ṣe é. Títí di òní, AI ló ṣì ń bá a kọ kọ́ọ̀dù àwòrán, èyí kò sì dà mí láàmú, torí pé tí àwòrán bá purọ́, ó mọ̀.

Ohun tí mo ti yí padà nínú iṣẹ́ tèmi látàrí èyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo dì wọ́n mú ṣinṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan kì í fọwọ́ kan ìbéèrè tirẹ̀ mọ́ kó tó tún nọ́ńbà kan tó ti wà nínú ìròyìn gbé jáde láti inú dátà kan náà. Mo ń béèrè fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn pẹ̀lú AI gẹ́gẹ́ bí àfikún iṣẹ́, mi ò sì kà á láti mú wọn lọ́daràn. Mo ń wá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti takò ẹ̀rọ náà. Tí mi ò bá rí ìkankan, mo mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti dátà tó ní orúkọ aláìsàn tàbí nọ́ńbà fóònù nínú, Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà wà láti 2023, ohun tí wọ́n sì fọwọ́ sí nínú ìwé ìyọ̀ǹda kò ní AI nínú. Kó má wọ ibẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni ká ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fúnra rẹ̀ pín ìwé ìbéèrè, tí kò sí ìròyìn kankan tó ti tẹ 57 tirẹ̀ jáde. Ọ̀nà wà. Kó ní kí AI bá a kọ kọ́ọ̀dù R tí yóò ṣẹ̀dá ìdáhùn àtọwọ́dá fún irú ìwé ìbéèrè rẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kí òun fúnra rẹ̀ sì pinnu òtítọ́ tó fẹ́ kó wà nínú rẹ̀: fún àpẹẹrẹ, pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo oògùn náà, pé àwọn ará ìlú fi ìdá 10 ju àwọn ará oko lọ, pé àwọn kan kò dáhùn. Kó fi àwọn 98 àti àlàfo tirẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà kó gbé kọ́ọ̀dù análísíìsì rẹ̀ lé e lórí, kó wò ó bóyá yóò rí 40 àti 10 náà padà. Tí kò bá rí i, iṣẹ́ ṣì wà lórí kọ́ọ̀dù náà kó tó kan dátà gidi.